Àgbọ̀n Tó Jẹ́rìí Mi

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ọjà Àtijọ́,
Orè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2025.

Bọ́látitó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ammar ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa náà wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ńlá kan ló mú mi kọ ìwé yìí.

O rántí wáyà tí wọ́n so sí eyín Khàdíjàt ọmọ mi, torí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó yọ síwájú. Ó fi ọdún méjì gbáko wọ̀ ọ́, eyín òkè ò bá tìsàlẹ̀ pàdé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé tó kọjá, dókítà mìíràn ní Àkúrẹ́ wò ó, ó ní eyín ni wáyà ń tò, kò lè ti eegun sẹ́yìn fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ti dàgbà tán. Ó ní àfi kí wọ́n rẹ́ eegun àgbọ̀n náà, kí wọ́n sún un sẹ́yìn, kí wáyà tó wá parí iṣẹ́ tirẹ̀. Khàdíjàt ní òun fẹ́ ẹ. Èmi ní rárá.

Ìwọ nìkan lo mọ ìdí rẹ̀. O mọ ohun tí ẹbí ọkọ mi ń sọ lẹ́yìn mi nígbà tí mo bí i, pé kò jọ wọ́n. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a: nígbà tí Khàdíjàt pé ọmọ ọdún méjìlá, àgbọ̀n bàbá ọkọ mi tó ti kú yọ lójú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀rí mi nìyẹn, ṣé kí n wá ní kí wọ́n fi ayùn gé e?

Mo sáré lọ bá ìyá ọkọ mi ní Odígbó, pé kí wọ́n bá mi kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ogójì ọdún làwọn fi ń gún ẹran nínú odó fún bàbá ọkọ mi, torí àgbọ̀n yẹn ò jẹ́ kí wọ́n lè já a, wọn kì í sì í jẹun níta kí ayé má baà rí wọn. Ìyẹn kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Sàádátù, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ. Èmi ló yẹ kí n gbà ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe àgbọ̀n ọmọ. Jẹ́ kí wọ́n gé e, kó lè jẹ ẹran."

Mo padà sílé, mo ní kí Khàdíjàt lọ ṣe é. Oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà, ìyá ọkọ mi gan-an ló ní àwọn máa bá a lọ.

Bá mi kí Bàbá Ammar àtàwọn ọmọ. Mo fi fọ́tò Khàdíjàt kan sínú ìwé yìí, wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́. Mo ti fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ tẹ́lẹ̀, kí n máa rí nǹkan tọ́ka sí. Kó wà lọ́dọ̀ rẹ, mi ò nílò rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí títí ayé,
Sàádátù.