Ẹyin Ìlá, Ẹyin Ọ̀rà

Bàbá Ìdáyátù,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àlàáfíà ni mo wà ní Òmán níbí. Ìyá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ilé máa ń fi àgádágodo ti fíríìjì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ebi kì í tètè pa mí mọ́.

Ẹ ní kíréètì ẹyin kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ní Ìlá, pé ìyẹn ni Ìdáyátù kò fi rí ẹyin jẹ. Mo bi Sìdíkátù àbúrò mi, tó ń ta ẹyin ní Ọ̀rà. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni, ọkọ̀ tó ń já ẹyin sí Ìlá náà ló sì ń gbé tòun wá. Kódà níbí, nínú aṣálẹ̀, ẹyin kò wọ́n tó iye tí ẹ pè fún mi.

Mi ò bá má bínú. Ṣùgbọ́n nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, mo gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn yín tó ní, "Ṣé kí n bu ata sí ẹyin yín?" Ẹ sì dá a lóhùn pé, "Bù ú sí i dáadáa."

Sìdíkátù ń bọ̀ wá mú Ìdáyátù lọ sí Ọ̀rà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ di aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyá yín. Ẹ ní kí wọ́n má sunkún. Ọ̀rà kò jìnnà, wọ́n lè gun ọ̀kadà lọ wo ọmọ nígbàkígbà. Ẹ̀yin ni kí ẹ dúró sí Ìlá.

Mo kí yín.

Wàsílátù, ìyá Ìdáyátù