Ebè Jàríátù Tí Wọ́n Bá a Bò

Agbo Ilé Sàkáríyà,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Kambolé, Tchamba.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Yétúndé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọlámikúnlé, bàbá àwọn ọmọ, ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ṣé ó ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ìránṣọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ mú gan-an ní Sokodé lọ́dún yìí, ẹ kú ọyẹ́ o. Níbí, ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti di ara oúnjẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ò ṣàìsàn, àárẹ̀ nìkan ló wà.

Àárẹ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Fóònù kì í gbé ọ̀rọ̀ délẹ̀ ní Kambolé níbí, bó bá sì gbé e, ìwọ náà á gbọ́ ohùn mi, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan jókòó, kó ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó fèsì.

Jàríátù ọmọ mi ti dé kíláàsì àṣekágbá ní ilé ìwé lisé Tchamba, ìdánwò bákì ló kù tó máa ṣe. Lọ́dún yìí, olùkọ́ wọn kan, Mùsíyè Fáwàsì, ní kí oníkálukú wọn mú iṣẹ́ kan tó máa dá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó wá ìbéèrè kan, kó wádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lọ dúró níwájú àwọn àgbà ní Sokodé lóṣù Karùn-ún kó ṣàlàyé ohun tó rí. Poroje ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń ti ibẹ̀ mú àwọn ọmọ tó máa ràn lọ́wọ́ lọ sí yunifásítì ní Kara. Ìwọ náà mọ bí agbára wa ṣe mọ. Láìsí ìrànlọ́wọ́ yẹn, bákì ni òpin ìwé Jàríátù. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ń tajà ní òdìkejì ẹnubodè ti ń retí rẹ̀.

Iṣẹ́ àdáṣe ni wọ́n pè é o, Yétúndé. Kò sẹ́ni tí kò bá a ṣe é nínú ilé yìí. Èmi ni mo gé igi, àwọn àbúrò rẹ̀ ló kó èèbù, bàbá rẹ̀ ló yọ̀ǹda ilẹ̀. Ewúrẹ́ ilé pàápàá dá sí i, ó jẹ ojú ìwé kan.

Ìbéèrè tí ọmọ náà mú ni pé, bí a bá gbin iṣu tán tí a ò fi koríko bo orí ebè, báwo ni àdánù ibẹ̀ ṣe tó? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé oòrùn á jó èèbù. Ṣùgbọ́n èyí tó máa jó àti èyí tó máa hù, a ò kà á rí. Ó ní koríko ń tán nínú igbó, iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó o, màlúù ń jẹ èyí tó kù, àwa obìnrin la sì ń rin ọ̀nà jíjìn lọ rù ú. Mo fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọrùn mi yìí fẹ́ gbọ́ èsì náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Sàkáríyà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. O mọ ọkọ mi, ọkùnrin tí ebè rẹ̀ máa ń tò bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó ní ebè tí a ò bò, ebè ọ̀lẹ ni, òun ò sì rán ọmọ nílé ìwé kó wá fi òun ṣẹ̀sín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó fún un ní igun kan lẹ́yìn oko. Jàríátù gbin èèbù síbẹ̀, ó bo apá kan, ó fi apá kejì sílẹ̀ gbalaja, ó sì ri igi tín-ín-rín tó so aṣọ pupa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ebè kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń ti Tchamba wá wò ó.

Níparí oṣù tó kọjá, àáró kan ọkọ mi. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni ìpè dé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì gun alùpùpù zẹ́mì lọ síbi ìsìnkú. O mọ̀ pé àáró kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá fò ọ́ dá, ó di ìgbà tó bá tún yí dé. Bàbá Àkànó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àáró wọn bá kó àwọn tó kù lọ sóko wa, èmi sì dúró sílé láti se oúnjẹ wọn.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ débẹ̀, wọ́n ti bo gbogbo ebè ọkọ mi, wọ́n sì ti dé ẹ̀yìn oko. Bàbá Àkànó ń bu erùpẹ̀ lé koríko orí ebè tó kẹ́yìn nínú ti Jàríátù, kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀ ti rí bákan náà, ó mọ́ tónítóní. Bó ṣe rí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìyàwó, a rí i pé koríko ò kárí ti ọmọ yìí, ìwé ò jẹ́ kó ráyè. A ti bá a parí ẹ̀." Ó sì kó gbogbo igi aṣọ pupa lé mi lọ́wọ́, ó ti dì wọ́n ní ìdì kan. Ó ní, "Bá a tọ́jú ohun ìṣeré rẹ̀."

Kí ni ǹ bá sọ? Àwọn ọkùnrin tó fi oko tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n tún padà lọ gé koríko kún koríko nítorí ọmọ mi! Mo ní ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo bu oúnjẹ fún wọn.

Jàríátù dé ní Jímọ̀, bàbá rẹ̀ náà ti bọ̀ nígbà náà. Mo sọ fún ọmọ náà. Kò ké. Ó jókòó, ó ń wo ìdì igi yẹn ṣáá. Mo ní kó lọ ṣí koríko náà kúrò jẹ́jẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ta ló máa ṣí ohun tí Bàbá Àkànó bò? Oko tiwọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀." Òótọ́ ni, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ju oore sílẹ̀ lójú olóore. Mo tún ní kó kọ iye tó bá rò pé ó yẹ kó hù, ta ló máa ti Sokodé wá ka ebè ní Kambolé? Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ó ti rẹ̀ mí. Ó ní òun ò lè dúró níwájú èèyàn kóun máa ka ohun tí òun ò rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Sàkáríyà ní ká lọ dúpẹ́ oore. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn ò sọ ohun tí à ń pe ẹni tí wọ́n fi oore kó lẹ́rù. Jàríátù kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkànó, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́ ijọ́sí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ẹ̀." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, bàbá náà sì rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ó ṣe àdúà gígùn fún un, ó ní gbogbo ebè rẹ̀ á hù bákan náà, kò ní ku ọ̀kan. Gbogbo wa ní àmín. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ọkọ mi ń wo ojú ọmọ rẹ̀.

Kí Jàríátù tó gun zẹ́mì padà sí Tchamba, ó ní kí n má da ara mi láàmú mọ́, òun á ṣe bákì, òun á sì lọ bá àǹtí òun níbi ọjà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní òun ti yó. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ń bínú sí Bàbá Àkànó, mo ń bínú sí Mùsíyè Fáwàsì, mo sì ń bínú sí ọkọ mi tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n yẹra fún ẹ̀yìn oko. Kò sí ọ̀kan tí mo lè bá jà nínú wọn. Mo kàn ń gún iṣu.

Ní ọjọ́ kejì, Sàkáríyà kírun ìdájí, ó jáde, kò padà wá jẹun. Nígbà tí oòrùn mú, mo gbé oúnjẹ tẹ̀lé e. Etí ọ̀nà Bago ni mo bá a, níbi ebè tó kọ sílẹ̀ de làbọkọ, iṣu tó máa ń kọ́kọ́ jáde tó sì ń tà jù. Ó ti gbin gbogbo rẹ̀. Ó bo apá kan, apá kejì wà ní ìhòòhò lójú ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé ń gbà lọ sọ́jà. Mo ní, "Bàbá Jàríátù, èèbù làbọkọ?" Ó ní, "Bí mo bá fi èyí tí ò dáa ṣe é, wọ́n á ní èèbù ni ò dáa."

Kò pẹ́ tí Bàbá Àkànó fi ru koríko dé, ó rò pé ara ọkọ mi ò yá. Sàkáríyà bá a sọ ẹrù kalẹ̀, ó fún un lómi, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni mo ní kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù." Bàbá náà wò ó títí, ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kí i kú àìlera káàkiri ìlú. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọkùnrin kan bi í níwájú gbogbo èèyàn bóyá koríko ti wọ́n nílé rẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwé ọmọ mi lẹ̀ ń wò yẹn." Sàkáríyà o, Yétúndé!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Jàríátù ti Tchamba dé. Ọ̀nà Bago ni zẹ́mì gbé e gbà, ó rí ebè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Omijé kò jẹ́ kó lè kí wa. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó fẹ́ dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kó dìde, kó lọ ka ebè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí èèbù yẹn bá jó, Jàríátù á rí ìdáhùn, a ò ní rí iṣu jẹ. Bó bá hù, ọrùn mi á bọ́ lọ́wọ́ koríko. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbàdúrà fún, ààwẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Jọ̀ọ́, bó bá di oṣù Karùn-ún, jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ tó máa lọ sọ̀rọ̀, kí o sì bá a rán búláòsì kan tó bójú mu.

Bá mi kí Ọlámikúnlé, kí o bá mi kí àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ. Sàkáríyà ní kí n kí ọ. Má bẹ̀ mí o, kọ̀wé sí mi ni.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó rẹ̀ tẹnutẹnu,
Hàbíbátù, ìyá Jàríátù.