Abẹ́rẹ́ Tó Ń Jí Ìfun Bàbá Rẹ Lójú Oorun

Wagdi, àkọ́bí mi,

Ọlọ́run tó mú ọ dé Káírò kò ní jẹ́ kí Káírò gbé ọ mì. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ ń rí oorun sùn pẹ̀lú oyún yẹn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rìnlá ló kù. Nagwa àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti yára jù.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. O mọ̀ pé láti oṣù márùn-ún tí wọ́n ti fa ìfun rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, inú àpò ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde, ìfun ìsàlẹ̀ kàn wà níbẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Dókítà Mervat fi kámẹ́rà wò ó, ó ní ara inú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ jàlàmíà àtijọ́, òun ò sì fẹ́ so ó padà mọ́ ti òkè àfi tó bá kọ́kọ́ nípọn. Ó ní òun máa gún un ní abẹ́rẹ́ kan lójoojúmọ́, oògùn tó jọ họ́mónù.

Họ́mónù kẹ̀! Bàbá rẹ bá dìde. Ó ní ṣé òun ni adìyẹ òyìnbó, tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, tí yóò tóbi láàárín ogójì ọjọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé e? Ó ní òun á yọ ọmú, irun orí ètè òun á re dànù. Nílé tíì, Hagg Metwalli ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa pa á, kí òun gbé ìrẹsì wá. Ó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó kọ ìyókù.

Mo tọ dókítà lọ. Mo ní kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kó jẹ́ kí n máa rọ bàbá rẹ ní ẹ̀wà lọ́nà ọ̀fun bí mo ti ń rọ pẹ́pẹ́yẹ, torí ìfun tó bá ríṣẹ́ á jí. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní Ìyá Wagdi, oúnjẹ ò dé ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ó ní tí oúnjẹ bá wọnú ìfun, ìfun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ pé kó dàgbà. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń bá a jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún nígbà tí oúnjẹ ò sí. Ó yé mi kíá. Ṣebí tí mo bá lu abọ́ lásán, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ á sáré wá, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan nínú rẹ̀?

Mo délé, mo ṣàlàyé. Bàbá rẹ ní òun ti wá di pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn. Mo ní nínú adìyẹ òyìnbó àti pẹ́pẹ́yẹ, kó mú ọ̀kan. Ó ronú títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, ó ní pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ká aṣọ sókè.

Lánàá wọ́n tún fi kámẹ́rà wo ìfun náà: ó rí bí aṣọ àrán, ó pupa, ó ń dán. Nagwa ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, kí n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, torí òun nìkan ni fọ́tò tí bàbá rẹ ò ti fajú ro. Ó ní kí o má ṣe fi han àwọn àna rẹ.

Àmọ́ dókítà ní àrán yìí kì í dúró pẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá tán tí iṣẹ́ abẹ ò tíì wáyé, á tún fẹ́lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ abẹ, kò ṣeé sún. Láti àárọ̀ ni bàbá rẹ ti ń sọ pé òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa lọ.

Wá ní Àbámẹ́ta. Mú owó mọ́tò tí yóò gbé wa lọ gbé wa bọ̀ dání, àti ti òwú àti báńdéèjì. Kì í ṣe pé mò ń tọrọ o, mò ń rán ọ létí ni.

Bàbá rẹ ní a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun, pé bí òun bá rí ojú rẹ, òun á lọ. A ò kọ ọ́. Èmi ni mo ní kí o wá.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, á sì ṣí ti bàbá rẹ, lókè àti nísàlẹ̀. Àmín.

Ìyá rẹ,
Inshirah