Ìtàn Ìgbésí Ayé Nọ́ọ̀sì Àgbà, Agbẹ̀bí Ibùdó Ìhìnrere

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2014, Màmá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Nọ́ọ̀sì Àgbà kú ní ilé àkọ́bí wọn obìnrin. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ọdún 1936 ni a bí wọn. Bàbá wọn ń rán bàtà ní iwájú ilé, ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé òórùn awọ la fi ń wọ ilé náà, òórùn búrẹ́dì la fi ń jáde. Ọmọ méjì péré ni àwọn òbí yìí bí, obìnrin sì ni méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n jogún ààrò búrẹ́dì. Àbúrò, ẹni tí a wá sin lónìí, lọ sí ilé ìwé.

Màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1954, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí ní 1958. Ilé ìwòsàn ńlá ti gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà tí tíṣà kan, tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní ajíhìnrere, wá tọrọ wọn. Bàbá wọn wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó ní, “Ìrìn rẹ máa jìnnà, ṣùgbọ́n bàtà yìí kò ní bá ọ débẹ̀.” Ó rán òmíràn fún un kí ó tó fún un ní ọmọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1959.

Ní ọdún náà ni ìjọ rán tọkọtaya sí ibùdó tó wà lódìkejì odò, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ajíhìnrere lu agogo ìsìn. Kò mọ̀ pé bí iná bá ń jó nìkan ni wọ́n ń lu agogo níbẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin sáré dé pẹ̀lú garawa omi.

“Pásítọ̀, níbo ló ti ń jó?”

Màmá ló dá wọn lóhùn: “Kò síbi tó ń jó o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dọ̀tí. Ẹ má wulẹ̀ da omi yẹn nù.” Gbogbo wọn jọ fọ ilẹ̀ náà. Ìsìn àkọ́kọ́ nìyẹn, ìwàásù kò sí níbẹ̀.

Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí, obìnrin, dé ní 1961. Kò sí ilé ìwé ní ibùdó nígbà náà, nítorí náà ní 1967 wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá, oníbúrẹ́dì. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tó tó ọmọ ilé ìwé, ìjọ ti kọ́ ọ̀kan síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dàgbà lábẹ́ ìyá wọn. Àkọ́bí nìkan ni kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, awakọ̀ akẹ́rù mú ìròyìn wá pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àkọ́bí náà. Màmá ti gbé àpò wọn sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n gbé obìnrin kan dé, tí ọmọ inú rẹ̀ ń mú ẹsẹ̀ wá. Awakọ̀ fọn fèrè títí.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ wọlé ká lọ! Ilẹ̀ ń ṣú.”

“Gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀.”

“Ọmọ tiyín ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ló wà lọ́dọ̀ eléyìí?”

Ìyá yè, ọmọ yè. Nígbà tí Màmá fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tiwọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jinná. Ó kí wọn bí a ti ń kí àlejò, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, oníbúrẹ́dì ni ó ń pè ní Ìyá. Nọ́ọ̀sì ni ó ń pe ẹni tó bí i.

Ìdílé kò fi èyí pamọ́. Bí a bá dúró níwájú pósí yìí tí a ní iṣẹ́ Ọlọ́run kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Màmá, irọ́ la pa. A kò sì gbà pé wọ́n ṣìnà.

Níbi ìgbéyàwó ọmọ náà ní 1986, oníbúrẹ́dì ni ó fi sórí àga ìyá ìyàwó. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Màmá dá wọn lóhùn láti ìjókòó ẹ̀yìn: “Ẹni tó ń jí sí ọmọ lóru ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sinmi.”

Wọ́n gbẹ̀bí ní ibùdó náà títí di 1998, wọ́n sì kọ́ obìnrin mọ́kànlá níṣẹ́. Nígbà tí ìjọ fẹ́ fi wọ́n jẹ oyè Ìyá Ìjọ, wọ́n ní kí ìjọ kọ́kọ́ tún òrùlé yàrá ìgbẹ̀bí ṣe ná. Ìjọ tún un ṣe.

Ní 2013, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Àkọ́bí wá. “Nọ́ọ̀sì, ilé mi lẹ ń lọ.”

“Ta ni yóò máa wo bàbá rẹ?”

“Ẹ mú wọn dání.”

Wọ́n mú bàbá dání. Níbi tí ó ti ń fún Màmá lóúnjẹ lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bi wọ́n pé, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ṣé wọn yóò tún gbé àpò yẹn sọ̀kalẹ̀.

“Màá gbé e sọ̀kalẹ̀. Màá sì tún sunkún títí ọkọ̀ yóò fi padà dé.”

“Ẹ sunkún?”

“Bi bàbá rẹ.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí,” ni ọmọ náà wí, ó sì gbé abọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí ìdílé ń ṣètò ìwé yìí, òun ló ní kí a kọ ìyá méjì sí òun lára. A ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀: ọkọ kan, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ oníbúrẹ́dì ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ tíṣà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ aránṣọ, ọmọ-ọmọ méje, agbẹ̀bí mọ́kànlá, aṣọ funfun méjì, àti àkọ́bí wọn obìnrin, ọmọ ìyá méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, iṣẹ́ tó. Ẹ sùn re lọ́dọ̀ Ẹni tó rán yín.