Ọjọ́ Tí Mo Fi Osùn Kùn

Avrankou,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, 1966.

Àyìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí bíró tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, mo kí ọ̀gá rẹ pẹ̀lú. Ṣé ara le? Tiwa kò burú, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí tí kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní í sùn.

Ìwé òǹkà ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tuntun ṣì wà lára ògiri. Souaïbou aránṣọ tó bá ọ mú un wá ló ṣàlàyé fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá fi pupa kọ, ìjọba ti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Inú mi dùn gan-an, mo kà á, mo rí i pé o máa wálé tó ìgbà mẹ́wàá, láìka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo gún iyán, mo lọ jókòó sí oríta. O ò wá. Ọjọ́ tí Jésù gòkè re ọ̀run, mo ní kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé má lọ sóko, kí ìjọba má baà torí wa bá ọ wí. Ewúrẹ́ nìkan ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ̀gẹ́ wa tán. O ò wá. Ní ti Iléyá, Souaïbou ní òun bá ọ nílé ẹ̀gbọ́n òun ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, o ń jẹ ẹran àgbò. Bí o bá ti di ìmàle, sọ fún mi, kí n tètè sọ fún pásítọ̀, torí orúkọ rẹ ṣì ń wọ àdúrà wa. Ọjọ́ òmìnira, o kọ̀wé pé ẹ tò sójú títì, ẹ ń ju àsíá. Èmi rò pé ẹni tó bá ti gba òmìnira lè rìn dé Avrankou. Aïssatou elépo ń fẹsẹ̀ rin Àjàṣẹ́ láàárọ̀, kò sì jẹ́ kí ọbẹ̀ alẹ́ ọkọ rẹ̀ pẹ́ rí.

Lẹ́tà rẹ ti ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ti dé. O ní gbogbo bíró ló tẹ̀lé ọ̀gá lọ síbi ibojì ìyá rẹ̀, pé ìwọ lo tu koríko, ìwọ lo to òdòdó, tí ọ̀gá sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò mọ̀ pé o ṣì lè tu koríko. Èyí tó wà lórí ìyá tìrẹ ti kàn mí lórúnkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni yóò pé ọdún kan tó fi wá sílẹ̀. Mo wo ìwé, dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n gbàgbé ni. Mo bá po osùn, mo fi ìka kùn ún, ó sì pọ́n ju Kérésìmesì lọ. Mo ti ya ojú ewé náà sínú lẹ́tà yìí, fi han ọ̀gá rẹ. Bó bá ní osùn kì í ṣe yíǹkì, bá mi bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta ọjọ́ pupa kan. Ewúrẹ́ yẹn ṣì wà, ó ti sanra.

Ní ti owó, ẹgbẹ̀rún fráǹkì tó fún ìsìn ìrántí. Má fi rán ẹnikẹ́ni o. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá, ọwọ́ tó tu koríko ìyá ọ̀gá yẹn. Ọkọ́ wà nílé.

Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ, Àyìndé. Wọn kò ní í dúró de ọjọ́ pupa kí wọ́n tó wá ro orí sàréè rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnbíyìí.