Ẹja Kún Yàrá Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa ní ìlú Bari níbí. Ẹja inú àpótí gíláàsì ní ilé oúnjẹ ọ̀gá mi, Donato, ni ara wọn ò yá. Kòkòrò bò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n bu iyọ̀ sí wọn lára. Mo kó wọn sínú ike omi òkun nínú yàrá tí mò ń sùn, mo ń fi oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe tọ́jú wọn.

Àwọn oníbàárà ń béèrè pé, "Donato, ẹja dà?"

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, àwọn náà ti lọ gbatẹ́gùn létí òkun!"

Ó wá yọjú sí mi: "Luan, bí wọ́n bá kú, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́." Ó ní oògùn mi ń falẹ̀, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo oògùn inú ìgò sínú ike náà.

Láàárọ̀ yìí mo fọ ike náà, mo dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Mo ti di ẹrù mi pẹ̀lú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Besnik àbúrò mi pé kó má tíì wá bá mi. Kò sí àyè, ẹja ṣì kún yàrá mi.

Luan yín