Mo Gé Ìgèrè Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Olóòtú ètò, mo kí yín láti ẹ̀bá Datcha. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Lábúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í pẹja nínú ibú àfi lọ́jọ́ tí gbogbo wa bá jọ wọ̀ ọ́. Mo bá ìgèrè mẹ́ta ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì fi àdá gé wọn.

Ó ní, “Ìyàwó, èmi tí mò ń san owó orí fún kọmandan ìjọba! Ta ló ni omi?”

Mo ní, “Gbogbo wa ni, Ẹ̀gbọ́n. Ilé mọ́kànlélógójì ni wá. Bí kálukú bá dẹ mẹ́ta, ìgèrè mẹ́tàlélọ́gọ́fà nìyẹn. Ẹja wo ni yóò kù?”

Ọkọ mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. N kò lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n bó bá tún dẹ ẹ́, màá tún gé e.